Àǹtí Ta-Ló-Kù

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí obìnrin náà wọ kíláàsì Agogo, ẹ̀yìn pátápátá ló lọ jókòó sí. Ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, kò sọ̀rọ̀. Agogo fura lójú ẹsẹ̀. Àgbàlagbà tó bá wọ kíláàsì tí kò lanu, ọ̀gá ilé-ìwé ló rán an.

Agogo ni àwọn ọmọ ń pe tíṣà tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìtàn, nítorí ohùn rẹ̀. Ohùn náà dùn, kò sí irọ́ níbẹ̀, òun gan-an ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù. Nígbà tí ilé-ìwé pín àwọn ọmọ sí méjì, tí apá kan wà nínú kíláàsì, tí apá kejì ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé lójú kọ̀ǹpútà, ṣe ló lọ ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun, kí adùn náà má baà fo àwọn tó wà nílé dá. Àwọn tó wà nílé pa kámẹ́rà, wọ́n ń sùn.

Nígbà tí kíláàsì tú, obìnrin náà súnmọ́ ọn.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ mà mọ̀rọ̀ọ́ sọ o."

Agogo rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣeun."

"Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹ sọ ọ́ tán, ẹ ò ṣẹ́ nǹkan kan kù fún ẹnikẹ́ni."

Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kọ́ àwọn tíṣà bí ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe lè ta àwọn ọmọ jí. Ó ní kí Agogo sọ̀rọ̀ díẹ̀, kó béèrè púpọ̀, kó so ọmọ tó wà nílé pọ̀ mọ́ ọmọ tó wà ní kíláàsì kí wọ́n jọ máa jiyàn. Òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara pamọ́. "Ta ló kù?" ló máa ń wí, títí ẹni tó dákẹ́ jù yóò fi fọhùn. Bó ṣe di Àǹtí Ta-Ló-Kù nìyẹn.

Agogo gbà láti ṣe é, kí ojú lè ti obìnrin náà ni. Ojú ò tì í. Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ọmọ kan tí kò fọhùn rí jiyàn títí ìyá rẹ̀ fi yọjú, tó ní ta ló ń bá ọmọ òun jà.

Ìfura Agogo yọ́ díẹ̀díẹ̀, ìfẹ́ gba àyè rẹ̀, ó tiẹ̀ jẹ́wọ́ fún un pé amí ọ̀gá lòun kọ́kọ́ pè é. Ó ń sin obìnrin náà dé ẹnu géètì, wọ́n á sì pẹ́ níbẹ̀ títí ọlọ́dẹ á fi máa wúkọ́. "Olólùfẹ́ mi," ni Agogo ń pè é. "Olóhùn mi," nìyẹn ń dáhùn. Wọ́n ti mú ọjọ́ tí wọ́n máa lọ rí àwọn òbí obìnrin náà.

Ẹ̀gbọ́n Agogo obìnrin, aránṣọ tó tọ́ ọ dàgbà, ló tún ta epo sí iná ìfura náà.

"Tíṣà ìṣirò onírùngbọ̀n yẹn ńkọ́? Ṣebí olólùfẹ́ rẹ ń lọ sí kíláàsì tiẹ̀ náà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ló ń ṣe níbẹ̀."

"Èmi náà ń wọn àyà ọkùnrin, iṣẹ́ ni. Àmọ́ tí mo bá fi odindi àárọ̀ wọn àyà ẹnì kan, bi mí."

Agogo ò bi ẹnikẹ́ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ kíláàsì ìṣirò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó pa kámẹ́rà, ó pe ara rẹ̀ ní Ọmọ Tuntun. Ó rí Àǹtí tó rẹ́rìn-ín sí onírùngbọ̀n. Ó sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà.

Àfi bí Àǹtí ṣe pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ kéékèèké, tí Agogo bọ́ sáàárín àwọn ọmọbìnrin méjì.

"Ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ ronú kan òdo?" ni ọ̀kan béèrè.

Ọlọ́gbọ́n ì bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìtàn rèé, ohùn sì rèé. Agogo ṣí ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀, ó kó àtijọ́ kalẹ̀, ó ń ròkè, ó ń rodò. Kò mọ̀gbà tí Àǹtí, tó ń ti inú ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, wọlé.

"Ọmọ Tuntun," ó ní jẹ́jẹ́, "ẹ káàárọ̀, sà."

Lẹ́yìn kíláàsì, ojú Àǹtí pọ́n.

"O wá ṣọ́ mi."

"O rẹ́rìn-ín sí i."

"Ó ní mẹ́jọ dín méjì jẹ́ márùn-ún níwájú gbogbo ọmọ! Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín? O pè mí ní amí nígbà kan. Ta ni amí báyìí? Má wá sílé wa mọ́."

Ìbànújẹ́ dorí Agogo kodò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pòṣé. "Mo ní kí o fura ni, mi ò ní kí o ya dìndìnrìn. Dìde, a ń lọ."

Ní ọjọ́ tí wọ́n ti mú tẹ́lẹ̀, bàbá Àǹtí ló ṣílẹ̀kùn, lẹ́yìn ìgbà pípẹ́.

"Wọ́n ní o máa ń wọlé láìkànlẹ̀kùn."

"Mo kàn án, sà. Mo kàn án títí."

"Mo gbọ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá lọ ni. Jókòó, kí o sọ tẹnu rẹ."

Agogo ti to ọ̀rọ̀ aládùn jọ. Ó gbójú sókè, ó rí olólùfẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, gbogbo ọ̀rọ̀ náà sì pòórá.

"Mo fura sí ọ, mi ò bi ọ́ léèrè. Mo ṣẹ̀ ọ́," ó ní. "Kí ló ń dùn ọ́, tí mi ò tíì jẹ́ kí o ráyè sọ?"

Obìnrin náà sọ ọ́. Ó pẹ́ lórí ẹ̀. Ó sunkún díẹ̀, ó bú u díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Agogo kò já lu ọ̀rọ̀, kò ṣàlàyé. Nígbà tó parí, ó wá jókòó ti Agogo, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Bàbá ń wo Agogo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. "Ṣé bó ṣe máa ń dákẹ́ nìyí, àbí ó ń tàn wá?"

"Bàbá, èmi ni mo tọ́ ọ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn, "mi ò rí irú èyí rí. Ẹ tètè mú ọjọ́ ìgbéyàwó kó tó la ẹnu."