Kì í Ṣe Pẹ́dà Ló Bàjẹ́

Ọkùnrin kan wà tí àwọn èèyàn mọ ọwọ́ rẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Gìtá oníná ló ń ta, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń ṣeré nínú hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Bí ìka rẹ̀ bá ti ń sáré lórí okùn gìtá, ẹni tó jókòó á dìde, ẹni tó ń jẹun á gbé ṣíbí sílẹ̀. Ọwọ́-Iná ni wọ́n ń pè é. Orúkọ yìí dùn mọ́ ọn débi pé bí ìyàwó rẹ̀ bá fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pè é, kì í dáhùn.

Ohun tó fi ń ṣe fáàrí jù lọ ni pẹ́dà rẹ̀. Àpótí irin kékeré ni pẹ́dà yìí. Ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Bí onígìtá bá ti tẹ̀ ẹ́, ohùn gìtá tó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ á há, á wá máa bú ramúramù. Ọwọ́-Iná á tẹ̀ ẹ́, á gbójú sókè, á máa wo àwọn èèyàn bí ẹni pé òun ló dá wọn.

Kò kẹ̀rẹ̀ nídìí ọtí náà. Ó ń mu ún kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó ń mu ún láàárín eré, èyí tó bá kù nínú ìgò á bá a délé. Nígbà kan tí ẹnì kan fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ó ní kí ó lọ bá àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, pẹ́dà náà kò bú mọ́ bó ṣe ń bú tẹ́lẹ̀. Lójú Ọwọ́-Iná, ńṣe ló ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìkòkò. Ó yí i sókè, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ra òmíràn, bákan náà ni. Ó tún ra òmíràn.

Ọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wọn tó ń tọ́jú wáyà àti sípíkà. Oníwáyà ni wọ́n ń pè é, àbúrò ló sì jẹ́ sí Ọwọ́-Iná lọ́jọ́ orí. Ó yẹ pẹ́dà náà wò tinú tẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sóhun tó ṣe é o. Ó tiẹ̀ ń pariwo ju bó ṣe yẹ lọ."

Ọwọ́-Iná gbà pé yẹ̀yẹ́ ló ń fi òun ṣe. Ó lọ bá olówó hòtẹ́ẹ̀lì, ó ní Oníwáyà ló ń yọ inú ẹ̀rọ àwọn tà. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n lé Oníwáyà, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Nígbà tí Oníwáyà ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, Ọwọ́-Iná kọjú sí ògiri, ó ń mu ọtí.

Ṣùgbọ́n lílé tí wọ́n lé Oníwáyà kò tún ohùn náà ṣe. Níbi ìgbéyàwó kan tí wọ́n ti ń ṣeré, olórin gbé orin lọ sí ohùn mìíràn láàárín méjì. Gbogbo ẹgbẹ́ bá a lọ, àfi Ọwọ́-Iná. Òun dá wà lọ́nà tirẹ̀, ó ń ta gìtá kíkankíkan. Ó rí i tí àwọn èèyàn ń ya ẹnu, ó rò pé wọ́n ń yìn ín ni, ó bá rẹ́rìn-ín padà sí wọn. Ìgbà tó rí ojú ìyàwó tuntun ló tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Olówó hòtẹ́ẹ̀lì pè é sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Wá nǹkan ṣe sí gìtá yìí kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Tí kò bá ṣeé ṣe, mo ti rí ẹlòmíràn."

Ohun tó dà á rú pátápátá ṣẹlẹ̀ nílé. Ìyàwó rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, ó fi ọmọbìnrin wọn tì í. Ọwọ́-Iná jókòó sí pálọ̀, ó kẹ̀yìn sí ilé ìdáná, ìgò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tú pẹ́dà kalẹ̀ ó ń nù ún. Ọmọ wọ ilé ìdáná, ó fa ìkòkò omi gbígbóná, omi dà sí i lẹ́sẹ̀. Ọmọ ké. Ó ké pe bàbá rẹ̀, ó tún ké. Ìyá arúgbó tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà àbáwọlé ló sáré wọlé, tó gbé ọmọ kọjá níwájú bàbá rẹ̀ kí bàbá tó mọ̀ pé nǹkan ṣe.

Ìyá arúgbó náà gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, ìyàwó Ọwọ́-Iná sì lọ bá wọn níbẹ̀. Kò padà wálé láti ibẹ̀. Ilé ìyá rẹ̀ ló gbé ọmọ lọ. Kò pariwo, kò bú u. Ohun tó sọ kò ju, "Ọmọ mi ké, ará ilé kejì gbọ́. Bàbá rẹ̀ wà ní pálọ̀."

Ó wá ku Ọwọ́-Iná nìkan nínú ilé. Bàtà ọmọ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó mutí, ọtí kò pa á. Ó fẹ́ sùn, oorun sá. Síbẹ̀, ẹ wo bí ọkàn èèyàn ṣe lè dí tó: pẹ́dà ló ṣì ń rò. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun bá rí pẹ́dà gidi kan, iṣẹ́ kò ní bọ́. Bí iṣẹ́ kò bá bọ́, ìyàwó òun á padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ni òun tún wà láyé fún?

Àmọ́ apá rẹ̀ kò ká pẹ́dà olówó gọbọi mọ́. Gbogbo onígìtá tó bi léèrè ló ń darí rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń tún pẹ́dà ṣe, tí wọ́n sì ń tà á ní iye tí mẹ̀kúnnù lè rà. Oníwáyà ló ni ṣọ́ọ̀bù náà.

Ó dé iwájú ibẹ̀, ó kọjá. Ó padà, ó tún kọjá. Bí ilẹ̀ bá lanu, ì bá wọlẹ̀. Ìgbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́ ló tó wọ ṣọ́ọ̀bù.

Oníwáyà ń fi irin gbígbóná lẹ wáyà. Ó gbójú sókè, ó rí ẹni tó dé. Ó dìde, ó fa àga fún un. "Ẹ káàsán, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jókòó."

Ọwọ́-Iná kò lè wò ó lójú. "Pẹ́dà ni mò ń wá. Èyí tó ṣeé lò fún oríṣi orin gbogbo, tí owó rẹ̀ ò ní pa mí."

Oníwáyà kó mẹ́ta jáde. Ó ní, "Èyí lẹ́wà, àmọ́ bíbú nìkan ló mọ̀. Owó rẹ̀ náà ń bú. Owó èkejì yìí rọjú, ṣùgbọ́n ike ni wọ́n fi ṣe ibi ìtẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ yín á fọ́ ọ. Dúdú yìí ni màá mú bó bá jẹ́ tèmi. Tí ẹ bá yí i díẹ̀, á dà bí ohùn ẹni tí òtútù mú. Tí ẹ bá yí i dópin, á bú bí ẹ ṣe fẹ́. Ó gba orin ijó, ó gba orin ẹ̀dùn ọkàn, irin ni gbogbo ara rẹ̀, kò sì wọ́n."

Ó so ó mọ́ gìtá. Ọwọ́-Iná ta á, ó yí i dópin, ó tún ta á. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Èyí náà ti kú. Kò sí èyí tí kò tíì kú nínú wọn."

Obìnrin aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì yọjú, ó di etí rẹ̀ méjèèjì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú wa. Ògiri ń gbọ̀n."

"Kí ló wí?" ni Ọwọ́-Iná bi.

Oníwáyà rọra bọ́ sẹ́yìn rẹ̀ lápá òsì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n." Ọwọ́-Iná ń yí kókó pẹ́dà. Ó gbé ohùn sókè, "Ẹ̀gbọ́n!" Aránṣọ dáhùn láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé ta ni wọ́n ń pè. Ọwọ́-Iná kò mira.

Oníwáyà wá síwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe mẹ́rin. "Ẹ̀gbọ́n, mo pè yín, ẹ ò gbọ́. Kì í ṣe pẹ́dà ló bàjẹ́. Etí yín ni."

Gìtá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ni pé, "Ọmọ mi ké." Ó tún un sọ, "Ọmọ mi ké," ẹkún sì gbé e mì.

Ó sunkún títí, ó wá ní, "Mo parọ́ mọ́ ẹ. Nígbà tí mò ń pa á, mo mọ̀ pé irọ́ ni."

"Èmi náà mọ̀," ni Oníwáyà wí.

"Kí ló wá dé tó o fi fún mi ní àga?"

"Nígbà tí wọ́n lé mi, ikú yín ni mò ń gbà ládùúrà, Ẹ̀gbọ́n. Inú ìyẹn ni Ọlọ́run ti fi ọkàn tèmi hàn mí, ó dúdú ju ohun tí ẹ ṣe sí mi lọ. Jésù ru ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ sórí àgbélébùú, Ó sì dárí jì mí. Ẹni tí wọ́n dárí jì kò lè tún máa fún ẹlòmíràn lọ́rùn."

"Ṣé Jésù á wo etí mi sàn?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ lọ rí dókítà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí etí yín bá là lónìí, tí ọkàn yín ṣì wà bó ṣe wà, ẹlòmíràn lẹ tún máa parọ́ mọ́ lọ́la. Ibẹ̀ ni kí Jésù ti bẹ̀rẹ̀."

Ọwọ́-Iná kúnlẹ̀ sáàárín wáyà tó wà nílẹ̀. Kò mọ àdúrà kankan. Ó ní, "Jésù, opurọ́ ni mí. Ọ̀mùtí ni mí. Mo ti fi ọwọ́ ara mi tú ilé mi ká. Mi ò níbòmíràn tí mo lè lọ. Ṣàánú mi, gbà mí." Ọkàn tó ti ń jà fitafita láti ọjọ́ pípẹ́ wá rọlẹ̀.

Dókítà sọ fún un pé etí òsì ti lọ, agbára ti ọ̀tún náà sì ti dín kù gan-an, ariwo ló fà á, kò ní padà. Hòtẹ́ẹ̀lì gba onígìtá mìíràn. Ṣùgbọ́n ó lọ síbẹ̀, ó dúró níwájú olówó hòtẹ́ẹ̀lì àti gbogbo ẹgbẹ́, ó ní irọ́ ni òun pa mọ́ Oníwáyà. Ó lọ sílé àna rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ pé kó wọlé. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ léraléra, òógùn iṣẹ́ lára rẹ̀, kò sí òórùn ọtí. Ó ti ń bá Oníwáyà tún ẹ̀rọ ṣe nígbà náà. Ó pẹ́ kí obìnrin náà tó gbà á gbọ́, àmọ́ ó padà sílé. Àpá wà lẹ́sẹ̀ ọmọ títí dòní. Bàbá rẹ̀ kì í lè wo àpá náà kí omi má bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé a ti dárí ji òun.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka ìwé yìí, ta ni ìwọ ń di ẹ̀bi rù? Ṣé ọ̀gá rẹ ni, àbí ìyàwó rẹ, àbí ọ̀rẹ́ tó sọ òótọ́ fún ọ? O ti pààrọ̀ iṣẹ́, o ti pààrọ̀ ilé, o ti pààrọ̀ ẹgbẹ́, ìnira náà kò sì lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Inú rẹ ló wà, kò sí ohun tó o lè rà tí yóò yọ ọ́ níbẹ̀. Ọmọ Ọlọ́run ti kú nítorí rẹ̀, Ó sì ti jíǹde.

Má dúró dìgbà tí ẹni tó o fẹ́ràn máa fara gbá a. Má sọ pé o ṣì máa tún ara rẹ ṣe ná. Wá bó o ṣe wà, lónìí, kó o tó ká ìwé yìí sápò. Jẹ́wọ́ fún Jésù, kó o sì fi ọkàn rẹ fún Un. Bó o bá wà láàárín èrò tí o kò lè kúnlẹ̀, tí o kò sì lè la ẹnu, sọ ọ́ sínú. Ó ń gbọ́.