Ẹsẹ̀ Àkọ́kọ́ Nínú Òjò Dídì

Ẹrù ni Žofka kọ́kọ́ rí, kò rí ènìyàn. Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná ló ti ń wò ó: àpò ìyẹ̀fun, agolo gáàsì àti apẹ̀rẹ̀ kábéèjì, gbogbo wọn so mọ́ pákó gíga kan, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ méjì gun òkè bọ̀ láìní orí. Nígbà tí ẹrù náà dé ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì yọ lábẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ pupa bí tòmátì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí, ó ń mí hẹlẹ. "Ṣé ibí ló parí sí, àbí òkè ṣì kù?"

"Ó ṣì kù," Žofka dá a lóhùn. "Inú àjà ni kábéèjì yẹn ń gbé."

Ó gbà á gbọ́. Ó ti gbé apẹ̀rẹ̀ dé ìdajì àkàbà kí ó tó gbọ́ ẹ̀rín ọmọbìnrin náà nísàlẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Blažej lorúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ẹ̀bá odò Dunaj ni wọ́n bí i sí, níbi tó jẹ́ pé òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ni ohun tó ga jù. Ó wá ṣe alábàárù fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan péré. Ọkọ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wa lórí òkè. Ẹ̀yìn ènìyàn ni gbogbo ohun tí à ń jẹ ń gbà gòkè. Nígbà tí okùn ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í ge èjìká rẹ̀, Žofka rán irun àgùntàn sábẹ́ okùn náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Blažej náà kò dúpẹ́ lẹ́nu. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti gòkè, ápù tó pọ́n jù lọ́jà ìsàlẹ̀ á wà lápò rẹ̀.

Vavrinec, bàbá Žofka, ló ni àbójútó ilé àwọn a-gùn-òkè náà. Àgbà kì í jìnnà sí ohun tó ń lọ nílé rẹ̀.

"Bí ẹyẹ ni àwọn ọmọ ilẹ̀ pẹrẹsẹ," ló wí lórí ọbẹ̀ kábéèjì. "Bí òtútù bá fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n á fò lọ. Wọ́n á sì fẹ́ gbé ọmọ mi dání. Ta ló máa wá máa dáná ilé yìí?"

"Bàbá, ẹ ò tíì bi í léèrè."

"Òjò dídì ló máa bi í."

Ilé yìí ní àṣà kan tó ju ọjọ́ orí Vavrinec lọ. Bí òjò dídì àkọ́kọ́ bá bọ́ nígbà ìwọ́wé, ará ilé kankan kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ gbá a lẹ́nu ọ̀nà, títí ẹnì kan yóò fi gun òkè wá láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé yóò sọ ohun tó ń fẹ́ nídìí tábìlì, onílé kò sì gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ń tọrọ ìgò ọtí. Blažej kò fẹ́ ọtí.

Òkè wa a máa lẹ́wà nígbà náà ju ìgbàkígbà lọ. Koríko rẹ̀ á pọ́n bí epo. Adágún tó wà nísàlẹ̀ ilé á dúdú, á dákẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́tí. Atẹ́gùn á máa rùn bí irin, gbogbo ojú á sì wà lókè bí ojú ìyàwó tó ń retí ọkọ láti ìdálẹ̀.

"Lọ́la ni," Imrich, alábàárù àgbà, ló wí. "Orúnkún mi ti sọ ọ́."

"Bàbá Imrich, orúnkún yín ti ń sọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá!" Žofka dá a lóhùn.

Imrich ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba Blažej. Kò sí ẹsẹ̀ tó yá ju tirẹ̀ lọ lójú ọ̀nà yẹn. Wọ́n ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Blažej wá ń wá bó ṣe máa jẹ oyin láìfọwọ́ kan àáké rárá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ìkùukùu bo ṣóńṣó òkè, ó dágbére bí ẹni tó ń lọ sísàlẹ̀, ó yí ẹ̀yìn àpáta po, ó sì yọ́ padà wọ ahéré igi ìdáná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kó lè jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ó fi àpò bora, ó sùn síbẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, òjò dídì ti bọ́. Gbogbo ayé funfun báláú, kò sí ìró kan. Blažej jáde pẹ̀lú ayọ̀, ó gbé ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ló bá bojú wẹ̀yìn. Ipasẹ̀ rẹ̀ hàn kedere láti ẹnu ahéré wá. Lójú ọ̀nà ìsàlẹ̀, kò sí ẹsẹ̀ kankan. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Tirẹ̀ kò tíì jáde ní àgbàlá.

Fèrèsé ilé ìdáná ṣí.

"Blažej! Ṣé inú igi ìdáná lo ti hù ni?"

"Rọra sọ̀rọ̀, bàbá ẹ á gbọ́."

"Òjò dídì ti pariwo ẹ ná." Ẹ̀rín kú lẹ́nu Žofka nígbà tó rí ojú rẹ̀. Ó na ìgbálẹ̀ sí i. "Gbà. Gbá a rẹ́. Mi ò ní sọ."

Blažej wo ìgbálẹ̀ náà títí. "Rárá, ọkàn mi. Bí mo bá fi irọ́ gbà ẹ́, irọ́ náà ni màá máa pọ̀n lójoojúmọ́. Ẹrù yẹn á wúwo ju gáàsì lọ."

"Imrich á ti dé kí o tó dé ìsàlẹ̀!"

"Kó dé." Ó yí padà, ó sì ń sọ̀kalẹ̀.

Àwọn àlejò jí, wọ́n fi imú lẹ gíláàsì. Vavrinec náà wá. Ó wo ipasẹ̀ tó ti ahéré jáde, ó wo ibi tó ti yí padà. Ó fa àga sídìí fèrèsé, ó jókòó. Tíì ń tutù lọ́wọ́ Žofka, kò mọ̀.

Ọ̀sán ti pọ́n kí ẹrù méjì tó yọ nísàlẹ̀. Imrich ló wà níwájú. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Kọjá, ọmọdé yìí," ló kígbe. "Okùn bàtà mi tú."

Irin ni wọ́n fi ń de bàtà Imrich. Kò ní okùn kankan. Blažej kọjá, omi lójú, ó tẹ òjò dídì ẹnu ọ̀nà.

Nídìí tábìlì, Vavrinec bu tíì fún un. "Kí lo fẹ́?"

"Bàbá, kí n tó sọ, ó ní ohun tí mo ṣe..."

"Mo ti ka ẹsẹ̀ rẹ. Èyí tó jáde láti inú ahéré, mo rí i. Èyí tó yí padà, mo rí i. Èkejì yẹn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kí lo fẹ́?"

Gbogbo ojú yí sí Žofka. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni Blažej ń wò, níbi tí àwọn alábàárù tí kì í lọ nígbà òtútù ń gbé pákó ẹrù wọn kọ́.

"Ẹ fún mi ní ìkọ́ kan."

"Ìkọ́ nìkan?"

"Žofka kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tọrọ nídìí tábìlì, bàbá. Òun fúnra rẹ̀ ni màá bi. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí n bi í nígbà tí mi ò níbi tí mo máa gbé ẹrù kọ́."

"Ó dáa, bi mí báyìí," ni Žofka wí, "kí ọbẹ̀ tó tutù."

Blažej bi í. Žofka gbà, kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

Vavrinec dìde, ó mú òòlù, ó sì kan ìkọ́ tuntun mọ́ ẹ̀gbẹ́ èyí tí ẹ̀wù òtútù ọmọ rẹ̀ ń gbé. Lẹ́yìn náà ló gbé ìgbálẹ̀ lé Žofka lọ́wọ́, nítorí ó ti tó àkókò láti gbá òjò dídì.

Žofka gbá ẹnu ọ̀nà, ó gbá àgbàlá. Nígbà tó dé ibi tí ipasẹ̀ Blažej ti yí padà, ó gbé ìgbálẹ̀ sókè, ó kọjá. Oòrùn ló wá gbé ipasẹ̀ yẹn lọ, díẹ̀díẹ̀.