Oòrùn Orí Dẹ́kì

Ọkùnrin náà dúró lórí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní àjà kẹrin ilé gogoro tuntun náà, ó ń kan ìṣó bí ẹni tó dúró sórí ilẹ̀. Wúràolúwa ì bá má rí i rárá, bí kì í bá ṣe pé òjìji rẹ̀ bọ́ sórí àwọn ìwé orin tó ń sá sórí ògiri ọgbà wọn ní Ṣómólú. Bó ṣe gbójú sókè ni pẹ́ńsùlù kan já bọ́ láti etí ọkùnrin náà, ó sì balẹ̀ sáàárín ìwé méjì.

"Ẹ má bínú o," ó ké láti òkè. "Ṣé kò bà yín?"

"Kò bà mí. Ìwé Ọlọ́run ló bà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Mò ń bọ̀."

Ó sọ̀kalẹ̀ tòun ti ìyẹ̀fun pákó nínú irun. Ẹkúndayọ̀ lorúkọ rẹ̀, kápẹ́ńtà tó ń kan pátákó tí wọ́n ń da kọnkéré sí. Ó wo ìwé tó tò lọ bẹẹrẹ lórí ògiri.

"Kí ló dé tí ẹ fi ń sá ìwé bí ẹni ń sá èlùbọ́?"

"Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ la fẹ́ kó gbẹ. Bí kò bá rí oòrùn, á bu, á sì máa rùn."

Iṣẹ́ ilé wọn nìyẹn. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá rẹ̀, Ezekiel Àjàlá, ti ń tún ìwé orin àti Bíbélì tó ti ya ṣe fáwọn ìjọ. Wúràolúwa ló ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ewé ìwé pọ̀, bàbá a lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, oòrùn a sì parí èyí tó kù. Ní ọjọ́ Sátidé, wọn a tẹ ìwé ètò ìsìn ìjọ tiwọn.

Ẹkúndayọ̀ gbàgbé láti mú pẹ́ńsùlù rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì ó wá béèrè rẹ̀, ó tún gbàgbé láti gbà á. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sí ẹni tó tún ń dárúkọ pẹ́ńsùlù mọ́.

"Wúrà mi," ó wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, "mo ti rí obìnrin tó ń rán aṣọ. Èyí tó ń rán orin ni mi ò rí rí."

"Rọra. Abẹ́rẹ́ yìí lè rán ẹnu pẹ̀lú."

Ó rẹ́rìn-ín. Wúràolúwa náà rẹ́rìn-ín, ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ibi tó ń lọ.

Ṣùgbọ́n ilé náà ń ga sí i. Níbi tí ilé pupa Ìyá Táwà àti ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ilé mẹ́ta ló dìde, funfun aláwọ̀ eérú, bí páálí ọṣẹ tí wọ́n tò léra. Èèyàn kò lè fi èyíkéyìí júwe ọ̀nà fún àlejò, nítorí wọn kò yàtọ̀ síra. Ilé agogo ìjọ, tí bàbá máa ń wò láti ẹnu ọ̀nà láràárọ̀ kó tó gbàdúrà, bọ́ sẹ́yìn wọn.

Nígbà tí èyí tí Ẹkúndayọ̀ ń kọ́ nínú wọn pé àjà mẹ́jọ, oòrùn ti ń kúrò lágbàlá wọn ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ìjọ kan ní Obanikoro gbé igba ìwé orin wá nítorí ìkórè. Ogójì nínú rẹ̀ bu, wọ́n sì dá wọn padà.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ẹkúndayọ̀ yàn. Ó wọlé nírọ̀lẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, akoto iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi Wúràolúwa ṣe aya."

Bàbá ń wo akoto náà. Ìwé tó bu ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ilé yẹn lò ń kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹni tó gba oòrùn mi kò ní gba ọmọ mi. Dìde."

Wúràolúwa sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Mi ò ní fẹ́ ọ láìsí ìre Bàbá. Mi ò sì ní fẹ́ ẹlòmíràn. Wá ọ̀nà."

"Ọ̀nà wo, olólùfẹ́?"

"Ṣebí ìwọ lò ń wo gbogbo àdúgbò láti òkè."

Fún ọjọ́ mẹ́ta, nígbàkigbà tí ìsinmi bá wà níbi iṣẹ́, Ẹkúndayọ̀ ń wo ibi tí oòrùn ń gbà kọjá. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó padà wá pẹ̀lú pákó àjẹkù tí ọ̀gá rẹ̀ fún un, àti ìyá rẹ̀, Màmá Morọ́láyọ̀, tó ń yan ẹja ní Ìlàjẹ, létí ọ̀sà.

"Bàbá, oòrùn ṣì wà nínú ilé yín," ó wí. "Orí dẹ́kì ẹ̀yìn, níbi tí táǹkì omi wà. Láti aago mẹ́sàn-án títí di mẹ́rin."

"Àyè ibẹ̀ kò gba ogún ìwé."

Màmá Morọ́láyọ̀ kúnlẹ̀, ó kí i. "Ẹ̀gbọ́n, àwa ní Ìlàjẹ kò ní ilẹ̀ rí. Bí ẹja bá pọ̀, òkè la ń tò ó sí, àtẹ lórí àtẹ."

"Ṣé ìwé orin Olúwa lẹ ní kí n tò bí ẹja?"

"Àwọn apẹja ni Olúwa kọ́kọ́ pè, sà."

Etí ẹnu bàbá mì díẹ̀. Wúràolúwa rí i. "Ẹ kàn án," bàbá wí. "Àtẹ ni mo gbà o. N kò gba ohun mìíràn."

Àtẹ márùn-ún ni Ẹkúndayọ̀ kàn. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá gun àtẹ̀gùn lọ wò ó, Wúràolúwa sì tẹ̀lé e pẹ̀lú ẹ̀rù. Ìwé gbogbo ti gbẹ. Ṣùgbọ́n ìjókòó kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ náà, tí ẹnikẹ́ni kò ní kó kàn. Bàbá jókòó sórí rẹ̀. Ní iwájú rẹ̀ gan-an, láàárín ilé gogoro méjì, ilé agogo ìjọ yọ, tòun ti àgbélébùú orí rẹ̀.

"Ó ṣì wà níbẹ̀," ó wí jẹ́jẹ́. Ó yíjú sí Wúràolúwa, ó béèrè pé, "Ìwọ lo sọ fún un pé mo máa ń wò ó?"

"Mo kàn mẹ́nu bà á lẹ́ẹ̀kan, Bàbá."

"Lẹ́ẹ̀kan péré." Láti ọjọ́ yẹn, orí dẹ́kì ló ti ń gbàdúrà òwúrọ̀.

Oṣù méjì kọjá. Wọ́n kun ilé gogoro náà tán, àwọn èèyàn sì ń kó wọ ibẹ̀. Ní Sátidé kan, bàbá gbé ìwé ètò ìsìn tó fi dán ẹ̀rọ wò síwájú Wúràolúwa, kó yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ èyí tó kù, bó ti máa ń ṣe. Ó ka nọ́ńbà orin, ó ka orúkọ àwọn aláìsàn, ó wá dé ìsàlẹ̀.

*Mo kéde ìgbéyàwó láàárín Ẹkúndayọ̀ Ọláyídé, ará Ìlàjẹ, àti Wúràolúwa Àjàlá, ọmọ ìjọ yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí tí a kò fi lè so wọ́n pọ̀, kí ó sọ ọ́. Ìgbà kìn-ín-ní nìyí.*

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Bàbá, ìgbà wo lẹ rí àlùfáà?"

"Ọjọ́bọ̀. Ìlàjẹ ni mo ti kọ́kọ́ lọ rí ìyá rẹ̀. Ẹja tí wọ́n fún mi wà nílé ìdáná." Bàbá ń nu ẹ̀rọ, kò wò ó. "Ṣé àṣìṣe wà níbẹ̀?"

Wúràolúwa yọ pẹ́ńsùlù kápẹ́ńtà náà nínú irun rẹ̀. Ó fa ìlà tó máa ń fà sí ìsàlẹ̀ ìwé tí kò ní àṣìṣe.

"Kò sí, Bàbá."

"Ó dára. Tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀ọ́dúnrún." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àkísà, ó tún ronú díẹ̀. "Fi àádọ́ta kún un, fún àwọn ará Ìlàjẹ."