Ta Ló Sún Òrùka?

Ẹ jẹ́ n kúkú jẹ́wọ́: òjòwú ni mí. Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi kọ́kọ́ wá gẹrun ní ṣọ́ọ̀bù mi, oníbàárà kan ní, "Ọmọ yìí mà rẹwà o." Díẹ̀ ló kù kí n fi abẹ gé etí onítọ̀hún.

Mo fẹ́ ẹ, a bímọ méjì. Nígbà tí oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ń fún un ní ẹ̀fọ́rí, nọ́ọ̀sì fún wa ní ìlẹ̀kẹ̀ kan tó ní òrùka rọ́bà lára. Láràárọ̀ ni ká máa sún òrùka náà sórí hóró tó kàn. Tó bá wà lórí búráùn, ẹ lè ṣeré. Tó bá bọ́ sórí funfun, ọjọ́ tó lè lóyún nìyẹn, kálukú á sùn sí ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀.

Ilé búrẹ́dì ni ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́, ìdájí ló ń jáde, èmi ni mo wá ń sún un.

Ọjọ́ méjìlá funfun kì í ṣe eré, ẹ̀yin èèyàn! Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí funfun ò tíì tán, mo ṣàdédé bá òrùka lórí búráùn. Mo ní ìyàwó mi ló sún un. Inú mi dùn, n ò bi ẹnikẹ́ni, a ṣeré lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tó yá, ó ní, "Ọkọ mi, mo lóyún."

Ara mi gbóná. Dírẹ́bà ilé búrẹ́dì tó máa ń gbé e wálé ló wá sí mi lọ́kàn, ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

"Oyún ta ni? Ṣebí a kì í súnmọ́ra lọ́jọ́ funfun?"

Kò sunkún. Ó kó àwọn ọmọ, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ.

Ìyá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa bi mí ohun tó dé, mo sọ ọ́. Wọ́n tún gèlè wọn so, wọ́n ní:

"Èmi ni mo sún òrùka yẹn. Ọmọ méjì ti kéré jù."

"Háà, Màámi, ẹ pa mí!"

"Èmi kọ́ ni mo bi í pé oyún ta ni."

Eré ni mo sá dé ilé ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Mo bá a níbi tó ti ń ká aṣọ àwọn ọmọ. Mo kúnlẹ̀.

"Olólùfẹ́ mi, dákun. Màámi ti jẹ́wọ́, àwọn ló sún un."

"Ká ní wọn ò jẹ́wọ́ ńkọ́?"

Ojú tì mí gan-an.

Ó ká aṣọ kan tán, ó mú òmíràn. "Máa lọ sílé. Ọjọ́ tó o bá lè gbà mí gbọ́ láìsí ẹlẹ́rìí, wá mú wa."