Ripítà Orí Òkè

"Má fi nǹkan kan kàn án o," ni ìyá kan wí fún ọmọbìnrin rẹ̀, bó ti ń so àpótí ripítà mọ́ ìdí igi lórí òkè. "Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀, á sùn fúnra rẹ̀ kí bátìrì má bàa tètè tán. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ rédíò, á jí. Tìrẹ ni pé kí o jókòó tì í, kí o máa wo iná bátìrì. Ṣé o gbọ́?"

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Elétí-ehoro ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà nílé, torí kò sí ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tó lè ré e kọjá. Ìyá rẹ̀ ni ọ̀gá àwọn panápaná inú igbó. Iná ti ń jó lẹ́yìn òkè láti àná, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti Bàbá Agégi, àgbà inú wọn, sì wà lára àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ lọ gé koríko kí iná má bàa ráyè kọjá. Òkè dí wọn láàárín, rédíò ọwọ́ wọn kò lè dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kò sì sí níbẹ̀. Ripítà, àpótí tí kò ju báàgì ìwé lọ yìí, ló ń gba ohùn ní ẹ̀gbẹ́ kan tó sì ń jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ń gbé ọ̀rọ̀ kíkọ pẹ̀lú, ó sì ń fi àmì róbótó kéékèèké hàn lójú rẹ̀, kí èèyàn lè mọ ibi tí oníkálukú wà.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ, ọmọ náà kọ́kọ́ gbìyànjú o, ká má purọ́ mọ́ ọn. Àpótí sùn, àpótí jí, ó ń wò ó. Ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ ń kú lọ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń ṣe ọjọ́ ìbí lórí fídíò. "Ìwọ nìkan lo kù!" ni Oyinmọmọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ń pariwo. "Wá nǹkan ṣe sí fóònù yẹn, jàre!"

Elétí-ehoro wo ihò ṣájà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Àpótí tó ń sùn, kí ló fẹ́ fi gbogbo iná yẹn ṣe? Ó ki wáyà bọ̀ ọ́. Háà! Ọmọ tó ń gbọ́ ohun tí wọn kò bá a sọ, èyí tí wọ́n bá a sọ gan-an ni kò gbọ́. Kò mọ̀ pé bí nǹkan bá ti wà nínú ihò yẹn, àpótí náà kì í lè sùn mọ́. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, òun àti fóònù jọ ń jẹ bátìrì kan ṣoṣo.

Nígbà tó fi máa gbójú kúrò lára fídíò, iná bátìrì ti di pupa.

Àfi bí ohùn ìyá rẹ̀ ṣe jáde látinú àpótí, tó ń já: "Afẹ́fẹ́... yí... ẹ kúrò..."

"A ò gbọ́ yín, Ọ̀gá! Ẹ tún un sọ!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá tún un sọ, ó tún já. Àwọn yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ tó ni bátìrì ń tán tó.

Elétí-ehoro fa wáyà yọ. Ó lè dákẹ́. Ta ló máa mọ̀? Bátìrì ló tán, ó parí. Ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́, wọ́n á máa pariwo títí àpótí á fi kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé iná ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó tẹ máìkì tó so mọ́ àpótí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo fi bátìrì ripítà ṣájì fóònù mi, ó ti fẹ́ẹ̀ tán. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ó máa kú."

Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ, ojú sì tì í bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Wọ́n gbọ́wọ́ kúrò lórí rédíò. Ìyá rẹ̀ sọ gbólóhùn kan péré: "Ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan!"

Ìyẹn kì í jẹ iná tó ohùn. Kíá, ó hàn lójú àpótí: AFẸ́FẸ́ TI YÍ. Ẹ SÁ SÍ ODÒ. Àpótí fi í ránṣẹ́, ó sùn. Ó jí: A TI RÍ I. Ó tún sùn. Àwọn àmì róbótó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sódò, àfi méjì tó wà pa pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́," ló ń wí, omijé bo ojú rẹ̀.

Àpótí jí: BÀBÁ AGÉGI ṢUBÚ. MO GBÉ E PỌ̀N. A Ń BỌ̀. Àmì méjèèjì rìn díẹ̀díẹ̀, wọ́n dé odò. Ìgbà náà ni àpótí kú fin-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ gòkè wá, èéfín ti kun ojú rẹ̀ dúdú. Ọmọ náà ń retí ìgbátí. Ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn ná, ó wá ní: "Ìwọ lo máa ru àpótí yìí sọ̀ kalẹ̀, o kò sì ní gòkè mọ́ nínú ọlidé yìí. Ohun tí o ṣe burú. Ṣùgbọ́n o sọ ọ́ nígbà tó ṣì ṣeé tún ṣe. Ká ní o bò ó mọ́lẹ̀ ni, ẹkún là bá máa sun báyìí. Má gbàgbé ìyẹn láé."

Kò sì gbàgbé. Ó ru àpótí náà délẹ̀, ọrùn ń ro ó, kò ráhùn. Ní ìsàlẹ̀ òkè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí òkúta, ó ń wúkọ́, ó sì wò ó láti òkè délẹ̀.

"Elétí-ehoro," ló wí, "fóònù ọ̀hún ńkọ́? Ṣé ó kún?"

Ọmọ náà sọ àpótí kalẹ̀, ó dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rùn, ó bú sẹ́kún.