Lẹ́tà Tí Bàbá Kò Kà

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé, 'Ìyá mi, má fòyà,'" ni bàbá wí bó ti ń gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé aṣọ funfun tó tẹ́ sórí tábìlì. "Ṣé o ti kọ ọ́?"

"Mo ti kọ ọ́, bàbá," ni Akọ̀wé dáhùn.

Akọ̀wé kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí òun ló ń kọ orúkọ wọn mọ́ aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ bàbá rẹ̀, òun náà ló sì ń kọ ohunkóhun tí bàbá bá fẹ́ kọ. Bàbá mọ̀wé díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ọwọ́ rẹ̀ dà bí ibi tí adìẹ ti tan ilẹ̀. Bó bá kọ nǹkan tán, òun fúnra rẹ̀ a máa wò ó sùn-ùn, a ní, "Kí ni mo kọ síbí ná?" Nítorí náà, bàbá a máa sọ, ọmọ a máa kọ, bàbá a sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ láìkà á. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́, wàhálà kankan kò sì tíì tibẹ̀ jáde rí.

Lọ́tẹ̀ yìí, ilé ìwé Kékeré, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló fẹ́ lẹ́tà. Ọ̀gá tuntun tó dé síbẹ̀ ní kí òbí kọ̀ọ̀kan kọ ìwé ìyànjú sí ọmọ rẹ̀, kí tíṣà pín in fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Ọmọ ọdún méjìlá ni Kékeré. Ìdánwò yìí ló máa gbé e wọ kíláàsì ńlá. Bó bá sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, àfi kó tún ọdún náà kà. Ìlú mìíràn ni ìyá wọn ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé, torí náà bàbá ni lẹ́tà já lé léjìká.

"Ó tún kù," ni bàbá wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Sọ fún un pé, 'Bí o bá yege, ọmọ mi ni ọ́. Bí o kò bá yege, ọmọ mi náà ni ọ́.'"

Bírò Akọ̀wé dúró.

Ó gbójú sókè wo bàbá rẹ̀. Ṣé ẹnu yẹn náà nìyí? Ọdún méjì sẹ́yìn, láàárọ̀ ọjọ́ tí òun náà ń lọ ṣe ìdánwò tirẹ̀, bàbá kò tilẹ̀ gbójú kúrò lórí ṣẹ́ẹ̀tì tó ń lọ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Má dójú tì mí o. Bí o bá fìdí rẹmi, má wulẹ̀ padà wá sílé mi." Akọ̀wé ru ọ̀rọ̀ yẹn wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó sì fìdí rẹmi lóòótọ́. Láti ìgbà náà, ó ti di ẹni tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sílẹ̀ sẹ́yìn, bàbá kì í sì í pè é ní nǹkan kan mọ́ ju "ìwọ yìí" lọ. Kékeré wá ni "Ìyá mi."

Inú bí i. Inú bí i débi pé etí rẹ̀ méjèèjì gbóná. Níbo ni wọ́n tọ́jú ọ̀rọ̀ dídùn yìí sí lọ́dún méjì sẹ́yìn? Ṣé Kékeré ni wọ́n fi í pa mọ́ dè?

Ìbá ṣe pé ó kọjú sí bàbá ni, tó ní, "Bàbá, ohun tẹ́ ẹ sọ sí mi nígbà yẹn ṣì ń dùn mí," ọ̀ràn ìbá tibẹ̀ parí. A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọkùnrin yìí ṣe gan-an nìyẹn. Ó fa abala ìwé mìíràn yọ, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà gadagba: "Má dójú tì mí o. Bí o bá fìdí rẹmi, má wulẹ̀ padà wá sílé mi."

"O ti parí ẹ̀?"

"Mo ti parí ẹ̀, bàbá. Ẹ fọwọ́ sí i."

Bàbá nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó fọwọ́ sí i, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Inú ẹ̀ á dùn," ló wí. Akọ̀wé ki lẹ́tà náà bọ inú àpò ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ fún tíṣà àbúrò rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ló ní láti fi fà á ya. Kò fà á ya.

Lọ́jọ́ ìdánwò, oòrùn kò tíì ga tí tíṣà náà fi já wọ ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ bí ọmọ yẹn?"

Bàbá dúró pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́. "Tíṣà, kí ló dé?"

"Ó ka lẹ́tà yín tán, ó wọlé ìdánwò ìṣirò, orúkọ ẹ̀ nìkan ló kọ! Ó ti ara ẹ̀ mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ báyìí, ó lóun ò jáde. Ìdánwò kejì sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ wo lẹ kọ sí ọmọ ọdún méjìlá?" Ó na ìwé náà jáde, ó sì kà á sókè.

Ojú bàbá kọ́kọ́ dà bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Lẹ́yìn náà ló yí sí Akọ̀wé díẹ̀díẹ̀.

"Ìwọ yìí, ta ló kọ ọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i."

"Mo ní ta ló kọ ọ́! Ìkà wo ló ń sọ irú eléyìí sí ọmọdé?"

"Ẹ̀yin ni!" Akọ̀wé kígbe. Kò kígbe mọ́ bàbá rẹ̀ rí, ohùn náà sì dẹ́rù ba òun alára. "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́! Sí èmi! Lórí tábìlì yìí náà ni, láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò mi. Mi ò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un, mi ò sì yọ ọ̀kan kúrò. Ṣé kì í ṣe ìkà nígbà tó jẹ́ èmi ni?"

Bàbá gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí. Ọwọ́ náà dúró lókè. Òórùn aṣọ tó ń jó ló gba ṣọ́ọ̀bù kan, nítorí ó ti gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ sórí aṣọ ìtẹ́lébùsùn òtẹ́ẹ̀lì, ó sì ti lu ihò dúdú sí i láàárín. Kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ máa jà!" ni tíṣà wí. "Ẹ jà dáadáa! Bẹ́ ẹ bá jà tán, ẹ wá gbé ọmọ yín nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáré dé ilé ìwé. Bàbá ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn.

"Ìyá mi, ṣílẹ̀kùn. Bàbá ẹ ni."

Ẹkún ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, kí ohùn tó jáde. "Ẹ ní kí n má padà wá sílé yín. Ìbéèrè àkọ́kọ́ pàápàá, mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ ibòmíì tí mo lè lọ."

Bàbá bojú. Ó kàn fi orí júwe ilẹ̀kùn fún Akọ̀wé.

Akọ̀wé ṣì ń bínú sí bàbá rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kò tíì tán nínú rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n níwájú ilẹ̀kùn yẹn, ó rí i pé ìbínú òun kò kan bàbá bó ti kan ọmọ tó ń sunkún nínú lọ́hùn-ún.

"Kékeré, bàbá kọ́ ló sọ ọ́. Èmi ni mo kọ ọ́. Ó ní kí n sọ fún ẹ pé ọmọ òun ni ẹ́, bó o yege, bó ò yege. Mo yí i padà."

Ẹkún dáwọ́ dúró. Ilẹ̀kùn ṣí. Ojú ọmọ náà ti wú.

"Bùrọ̀dá, kí ni mo fi ṣe yín?"

"Kì í ṣe ìwọ ni mo ń bínú sí."

"Ṣùgbọ́n èmi lẹ kọ ọ́ sí."

Ó fi etí aṣọ ilé ìwé rẹ̀ nu ojú, ó gba àárín wọn kọjá, ó sì tẹ̀lé tíṣà rẹ̀ wọ gbọ̀ngàn lọ.

Bàbá àti ọmọ jókòó sí ẹ̀bá ògiri, wọn kò wo ara wọn. Nígbà tó yá, Akọ̀wé ní, "Wọ́n ní bí a bá fọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún là á fi fà á mọ́ra. Tòsì nìkan ni mo rí, bàbá."

"Mo rò pé bí ẹ̀rù bá bà ọ́, wàá múra sí i ni," ni bàbá wí. "Bí bàbá tèmi náà ṣe ṣe mí nìyẹn. Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo ṣẹ̀ ọ́ gan-an." Ohùn rẹ̀ wá le. "Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ò wẹ tìẹ mọ́. Èmi ló yẹ kó o bá jà. Mo wà nílé, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, ojoojúmọ́ lò ń rí mi. O fi mí sílẹ̀, o lọ ṣá ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lọ́gbẹ́."



Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, Kékeré yege nínú gbogbo rẹ̀ àfi ìṣirò, ibi tó kọ orúkọ sí lásán. Òfin ilé ìwé kò sì mọ ẹkún. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ kíláàsì ńlá, òun jókòó síbi tó wà. Láti ìgbà náà ni Akọ̀wé ti ń kọ́ ọ ní ìṣirò nírọ̀lẹ́, ọmọ náà sì ń gbọ́, ó ń ṣe é, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti parí, a kó ìwé rẹ̀ a sì dìde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má bínú. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ yín, ẹ bínú, ẹ sì lọ sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ lójú ẹni tó ṣẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ìbínú àgbà lọ dà sórí ọmọdé, òun náà ti di ìkà tó ń bínú sí. Ẹyin lohùn: bó bá fọ́, "ẹ jọ̀ọ́" kì í kó o jọ.

Akọ̀wé mọ èyí dáadáa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó di àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mú kó tó dìde, ó ní, "Kékeré, jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ọmọ náà wò ó lójú. "Mo ti gbọ́, bùrọ̀dá," ló wí. "Ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí."