Rélùwéè Kékeré Tó Wúwo

Obìnrin kan dúró létí tábìlì ńlá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di rìmóòtù mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Kò tíì tẹ nǹkan kan, àmọ́ ẹ̀ńjìnnì rélùwéè kékeré rẹ̀ ti ń sáré padà sẹ́yìn lórí tábìlì. Báyìí ni ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ ṣe kọ́kọ́ rí i. Ó rí gíláàsì tó ń yọ̀ lọ sí ṣóńṣó imú rẹ̀, ó sì gbàgbé pé òun náà ń wa rélùwéè tòun lọ́wọ́. Kó tó rántí, ẹ̀ńjìnnì méjèèjì ti kọlu ara wọn, wọ́n já bọ́ láti orí afárá.

Nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi rélùwéè kékeré ṣeré ni wọ́n wà. Rìmóòtù ni kálukú ń mú rìn kiri níbẹ̀, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń pe ẹ̀ńjìnnì. Nọ́ńbà ẹẹ́ta ni gbogbo ẹ̀ńjìnnì tuntun ń gbé bọ̀ láti ilé iṣẹ́. Ẹni tó rà á ló gbọ́dọ̀ yí i padà. Ọ̀rọ̀ yìí ni Jẹ́jẹ́ fi ń dá ẹgbẹ́ lágara lójoojúmọ́. Ẹ wá wò ó, òun gan-an ni kò yí tirẹ̀ padà! Ó pe ẹ̀ńjìnnì tirẹ̀, ẹ̀ńjìnnì obìnrin náà bá a jẹ́ ìpè náà.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Èmi ni mo jẹ̀bi."

"Wọ́n ní ẹ̀yin lọ̀gá níbí," ni obìnrin náà fèsì, ó ń ti gíláàsì rẹ̀ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ọ̀gá yín?"

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Gíláàsì ojú ni obìnrin náà ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Onígíláàsì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Jẹ́jẹ́ lọ yẹ ojú tí kò ní àrùn kankan wò níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, Onígíláàsì pa iná ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ojú ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ọkàn ẹ ni kó o gbé lọ fún àyẹ̀wò."

"Mo ti gbé e wá náà nìyí, olólùfẹ́ mi."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dé, Onígíláàsì ò fi bò. Bàbá rẹ̀ ti fi ọgbọ̀n ọdún wa rélùwéè gidi. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó to rélùwéè kékeré kún pálọ̀. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n láti ọdún méjì, eruku ti bo irin, bàbá sì ti kọ ẹ̀yìn sí i. Onígíláàsì ní òun fẹ́ràn Jẹ́jẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n òun ò lè lọ kí òun fi bàbá òun sílẹ̀ nínú ilé tó dákẹ́ báyẹn.

Jẹ́jẹ́ rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ó gba àyè lọ́wọ́ bàbá, ó fi ṣíìpù tó ń gba àṣẹ rìmóòtù, tí kò ju èékánná lọ, sínú ẹ̀ńjìnnì bàbá, ó sì gbé rìmóòtù lé e lọ́wọ́ lórí àga. Ọwọ́ gbọ̀n, kókó tí wọ́n ń yí gbọ̀n, rélùwéè ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ó sì dojú dé. Bàbá rọra gbé rìmóòtù sílẹ̀.

"O ṣeun. O ti fi han ọmọ mi pé mi ò wúlò mọ́. Máa lọ sílé ẹ."

Ẹni bá bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ọjọ́ mẹ́wàá ni Jẹ́jẹ́ ò fi lè jẹun dáadáa. Onígíláàsì ló lọ bá a níbi iṣẹ́, ó ní kì í ṣe Jẹ́jẹ́ ni bàbá ń bínú sí, ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Ó sọ bí bàbá ṣe máa ń fi iṣẹ́ rẹ̀ yangàn láyé àtijọ́: pé rélùwéè tó ru ẹrù kì í gbọ́ràn lójú ẹsẹ̀, pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dá a dúró.

Jẹ́jẹ́ dìde. Ó ṣeé ṣe láti pàṣẹ fún ṣíìpù náà kí rélùwéè kékeré máa ṣe bí èyí tó wúwo: kó rọra gbéra, kó rọra dúró, kó má ka ìgbọ̀nrìrì ọwọ́ sí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ètò yìí nínú ẹgbẹ́, torí rélùwéè kì í tètè dúró, gbogbo wọn ló ń wà á kọjá téṣàn.

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó padà lọ sílé bàbá, ó bẹ̀bẹ̀, ó pa àṣẹ náà fún ṣíìpù, àmọ́ kò gbé rìmóòtù fún bàbá. Òun fúnra rẹ̀ ló wà á. Rélùwéè kọjá téṣàn lẹ́ẹ̀kíní, ó kọjá lẹ́ẹ̀kejì, ó tún kọjá lẹ́ẹ̀kẹta.

"O ń pẹ́ jù kó o tó dá a dúró," ni bàbá wí. Nígbà tó tún kọjá, ó na ọwọ́. "Gbé e wá jàre."

Ọwọ́ ṣì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n rélùwéè ò mọ̀. Kó tó yọ lábẹ́ afárá ni bàbá ti yí kókó padà sí òdo. Ó ń yọ́ bọ̀, ó ń yọ́ bọ̀, ó sì dúró, ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀kùn téṣàn gẹ́lẹ́. Onígíláàsì bú sẹ́kún ayọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni bàbá wà á.

"Ta ló kọ́ ẹ ní wíwà?" ló bi Jẹ́jẹ́.

"Kò sẹ́nì kankan, sà."

"Ó hàn."

Jẹ́jẹ́ sọ fún un pé bí gbogbo ẹgbẹ́ ṣe rí nìyẹn, pé wọ́n nílò olùkọ́ ní gbogbo Sátidé. Bàbá ní òun á rò ó wò. Jẹ́jẹ́ wá di ọwọ́ olólùfẹ́ rẹ̀ mú lẹ́yìn àga, ó bi í ní ìbéèrè ìgbéyàwó náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kò tíì parí rẹ̀ tí obìnrin náà fi ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n rò pé bàbá ò gbọ́.

"Ẹ má fi ìgbéyàwó yẹn sí Sátidé o," ni bàbá wí, ojú rẹ̀ ò kúrò lára irin. "Mo níṣẹ́ ní Sátidé."